Orúkọ Ìyá Wa Wà Lórí Ìwé Ìjọba

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ka ìkéde kan ní ìjọ wa lẹ́yìn ìwàásù òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n ní kí ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn opó àti àwọn arúgbó rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí pé oúnjẹ ìrànwọ́ ìjọba ń bọ̀ lọ́nà. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwa mẹ́ta tí a ń bá ìwé ìròyìn yìí ṣiṣẹ́ ni wọ́n fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé wa ṣeé kà. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìsìn, a kọ orúkọ méjìlélógún, a kọ ọjọ́ orí, a kọ òpópónà, a sì fi ìwé náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ẹnì kẹrin lórí ìwé náà ni ìyá kan tí wọ́n ti lé ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí wọ́n máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní apá òsì. Ẹ jẹ́ kí a máa pè wọ́n ní Màmá.

Lẹ́yìn tí a kọ orúkọ Màmá tán, a gbàgbé Màmá. A ti gbìyànjú láti wá ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà sọ ọ́, kò sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kọjá kí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó wòye pé àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo. A tẹ̀ lé e dé ilé Màmá lọ́jọ́ náà gan-an. Yàrá kan ni, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n orí ẹní ni Màmá wà ní agogo méjì ọ̀sán, ojú wọn sì ti jìn.

"Màmá, ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ìrẹsì náà ti dé ni?"

Gààrí ni wọ́n ń mu lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí wọ́n máa lò ti tán láti bí oṣù kan sẹ́yìn, wọn kò sì rà á mọ́ nítorí pé owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. A bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní, "Ẹ ti kọ orúkọ mi. N kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ojú ń kán mi."

Màmá kì í ṣe àgàn o. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní láyé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà a pe èyí àgbà ní Èkó. Ẹnu yà á. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin ni ẹ kọ orúkọ wọn fún ìjọba? Mo rò pé oṣooṣù ni wọ́n ń gbà á." Èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun máa ń fi owó ránṣẹ́ nígbà Kérésìmesì, àti pé níbi tí òun wà, ìjọba ni ó ń tọ́jú arúgbó, kí ló dé tí ti Nàìjíríà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àbíkẹ́yìn ń gbé ní ìlú kan náà pẹ̀lú wọn, ọ̀kadà ni ó ń gùn. Òun nìkan ni kò ṣe àwáwí; ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí sunkún lórí fóònù.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Àwọn ọmọ rò pé ìjọ ń ṣe é. Ìjọ rò pé ìjọba yóò ṣe é. Ìjọba ní tirẹ̀ kò mọ̀ ju pé orúkọ kan wà ní ipò kẹrin lórí ìwé kan nínú fáìlì. Láàárín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ebi ti fẹ́ pa ìyá onígbàgbọ́ kan.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ronú lórí àṣà gbígbára lé ìjọba tí ó ń gbilẹ̀ láàárín wa, àwa ọmọ Ọlọ́run. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á.

Ohun ìyanu ni pé ìjọba tí a ń gbára lé yìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbé wa ró. Kànga ẹ̀rọ ni a ń gbẹ́ fún omi. Jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń tan iná. Ẹgbẹ́ onílé ni ó ń san owó ọdẹ àdúgbò, àwọn náà ni wọ́n ń dáwó ra tiransífọ́mà. Àwàdà ìgboro ni pé baálé ilé kọ̀ọ̀kan ni alága ìjọba ìbílẹ̀ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ọkàn wa kò kúrò níbẹ̀. Bí ọmọ bá jáde ilé-ìwé, iṣẹ́ ìjọba ni àdúrà wa. Bí òrùlé ìjọ bá jò, ta ni ó mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀? Ọwọ́ ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ojú wa kò kúrò lára ọwọ́ náà.

TA NI PỌ́Ọ̀LÙ FA OPÓ LÉ LỌ́WỌ́?

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótéù ní Éfésù nípa àwọn opó (1 Tím. 5:3-16), ó to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, pé kí wọ́n kọ́ bí a ti ń san oore òbí padà. Lẹ́yìn èyí ni ó kan àwọn ìbátan. Ìjọ ni ó wá kẹ́yìn, fún opó tí kò ní ẹnì kan mọ́ ní ayé. Ohun tí ó sì wí ní ẹsẹ 8 nípa ẹni tí kò pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fẹ́ràn láti wàásù lé e lórí ní ọjọ́ ìkórè.

Kì í ṣe pé kò sí oúnjẹ ìjọba láyé ìgbà náà. Ó wà. Ní ìlú Róòmù, Késárì máa ń pín ọkà ọ̀fẹ́; nígbà Késárì Ògọ́sítù, ẹni tí Lúùkù dárúkọ nínú ìtàn ìbí Olúwa wa, àwọn tí ń gbà á tó 200,000. Ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ-ìbílẹ̀ tí ó sì ń gbé ní Róòmù ni ètò náà wà fún. Opó kan ní Éfésù kò lè rí nínú rẹ̀. Bí ìjọ ìgbà náà bá dúró de Késárì, àwọn opó ì bá ti kú tán.

Ìjọ Jerúsálẹ́mù ń pín oúnjẹ fún àwọn opó lójoojúmọ́ (Ìṣe 6:1-6), ìkùnsínú sì wọ inú rẹ̀, nítorí pé wọ́n gbàgbé àwọn opó tí ó ń sọ èdè Gíríìkì. Ó tù wá nínú díẹ̀ pé àwọn náà gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rántí, wọn kò kọ orúkọ àwọn opó náà ránṣẹ́ sí gómìnà Róòmù. Ọkùnrin méje ni wọ́n yàn, àwọn tí ó kún fún Ẹ̀mí Mímọ́, láti máa pín oúnjẹ. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kún Ẹ̀mí ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa bu oúnjẹ.

Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ nìyẹn fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Ní ọ̀rúndún kẹrin, Késárì kan tí ń jẹ́ Julian, tí ó kẹ̀yìn sí ìgbàgbọ́ tí ó sì fẹ́ dá ìbọ̀rìṣà padà, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ohun ìtìjú ni ó jẹ́ pé àwọn Kristẹni ń bọ́ àwọn tálákà tiwọn, wọ́n sì tún ń bọ́ tálákà àwọn abọ̀rìṣà mọ́ wọn. Ọ̀tá ni ó jẹ́rìí yìí o.

ỌKÀ FÁRÁÒ

Àwọn kan yóò sọ pé, "Jósẹ́fù ńkọ́? Ṣebí iṣẹ́ ìjọba ni Ọlọ́run fi gba ayé là lọ́wọ́ ìyàn?" Òtítọ́ ni. A kì í wàásù lórí Jósẹ́fù láì yọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti ka Jẹ́nẹ́sísì 47:13-26 dé òpin?

Ọdún méje ni wọ́n fi kó ọkà àwọn ará Íjíbítì jọ, ìdá márùn-ún irè oko wọn. Nígbà tí ìyàn dé, wọ́n kó owó wá rà á padà. Owó tán. Wọ́n kó ẹran ọ̀sìn wá. Ẹran tán. Ní ọdún kejì wọ́n wá, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn, pé kí Fáráò gba ilẹ̀ àwọn, kí ó sì gba àwọn pàápàá ní ẹrú, kí àwọn ṣá ti rí jẹ. Wọ́n sì dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ilẹ̀ Íjíbítì di ti Fáráò, ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí wọ́n bá gbìn di tirẹ̀ láéláé.

Jósẹ́fù kò ṣe ibi. Ẹ̀mí ni ó gbà là. Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù kú. Ọba mìíràn jẹ, tí kò mọ Jósẹ́fù (Ẹ́ks. 1:8). Ọwọ́ líle tí Jósẹ́fù kọ́ fún ààfin láti fi bọ́ ènìyàn, ọwọ́ náà ni ó wá ká ọmọ-ọmọ Jósẹ́fù mọ́ ibi tí wọ́n ti ń gún bíríkì. Ẹni rere lè wà lórí oyè lónìí, a sì lè fi gbogbo ohun tí a ní lé e lọ́wọ́. Ta ni ó mọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ lọ́la?

Ohun kan tún wà nínú ìtàn náà tí àwa òṣìṣẹ́ Ọlọ́run gbọ́dọ̀ fi etí sí. Ní ẹsẹ 22, ilẹ̀ àwọn àlùfáà nìkan ni wọn kò rà. Kí nìdí? Àwọn àlùfáà ní ìpín tiwọn láti ọ̀dọ̀ Fáráò, òun ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí gbogbo ìlú ń ta ara wọn, a kò kà á pé àlùfáà kan la ẹnu. Báwo ni yóò ṣe là á?

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò Jerúsálẹ́mù. Láti 2007 ni òfin ti dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ìrìn-àjò àwọn Kristẹni sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti fi owó ìlú rán àwọn pásítọ̀ àti àwọn èèyàn wọn lọ síbẹ̀, bí wọ́n ti ń rán àwọn Mùsùlùmí lọ sí Mẹ́kà. Ẹni tí ó bá lọ yóò fi J.P. sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. A kò sọ pé kò dára láti rí ibojì tí ó ṣófo. A kàn ń bèèrè bóyá ó yẹ kí owó ilé ìwòsàn abúlé bá wa dé ibẹ̀. Ẹni tí ó gba páálí ìrìn-àjò lọ́wọ́ gómìnà lónìí, ṣé yóò lè bá gómìnà náà sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ bí Nátánì ti bá Dáfídì sọ ọ́? Kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lóhùn.

OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA DÁ ṢE

Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀. Oko ẹni tí ó ṣàìsàn kò gbọdọ̀ kún fún igbó, ilé ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó kò gbọdọ̀ wà láìní òrùlé. Èésú náà wà, tí Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó kọjá òkun mú un dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní. Ẹrú ni wọ́n, wọn kò ní ìjọba kankan tí yóò ṣàánú wọn, síbẹ̀ wọ́n dá èésú.

Nígbà tí ìgbàgbọ́ dé, àwọn onígbàgbọ́ kò jókòó. Ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Abẹ́òkúta Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1908, Ìbàdàn Grammar School ní 1913, Alexander Babatunde Akinyele sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Isaac Babalola Akinyele, ni ààrẹ ìjọ Àpósítélì ti Kristi, tí ó sì tún jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Ní 1934, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀. Ìjọba òyìnbó máa ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní owó ìrànwọ́, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìdáwó àti agbára àwọn ènìyàn ni ó kọ́kọ́ ń dé ibi iṣẹ́. Ti ìjọba máa ń bá a lẹ́yìn ni.

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a ń yin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fún náà ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lé ní 800,000 lọ́dún náà, nígbà tí wọn kò tó 500,000 ní ọdún tí ó ṣáájú. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ̀wé yìí, àwọn òbí wa ni àkọ́kọ́ tí ó mọ̀wé ní ìdílé wọn nípasẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́run lo ìjọba fún wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n "ọ̀fẹ́" yẹn kò wá láti ojú ọ̀run. Owó kòkó ni, àti owó-orí. Owó-orí náà dun àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó wà lára ohun tí ó mú kí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní ilé rẹ̀ nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954. Ẹni tí ó bá ń sanwó a máa bínú, a sì máa béèrè. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde pẹ̀lú Àgbẹ̀kọ̀yà lórí ọ̀rọ̀ owó-orí yìí kan náà. A kò yin ìtàjẹ̀sílẹ̀. A kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé àwọn bàbá wa mọ̀ pé owó tí ìjọba ń ná, owó àwọn ni.

Epo rọ̀bì ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Láàárín 1973 àti 1974, owó epo lágbàáyé fò sókè ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Ìjọba kò nílò owó-orí àgbẹ̀ mọ́, nítorí náà kò nílò láti gbọ́ tirẹ̀. Ní òpin 1974, ìjọba Ọ̀gágun Gowon fọwọ́ sí owó-oṣù tuntun tí ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn, wọ́n sì san gbèsè oṣù ẹ̀yìn rẹ̀ lápapọ̀. Àwọn àgbà inú ìjọ yóò rántí "owó Udoji": rédíò tuntun, aṣọ tuntun, lẹ́yìn náà ọjà gbówó lórí fún ẹni tí ó gba Udoji àti ẹni tí kò gbà á. Ìgbà yẹn ni ọkàn wa yí. Ìjọba kúrò ní ẹni tí a bẹ̀ níṣẹ́, ó di bàbá ọlọ́rọ̀ tí gbogbo ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ fún kí ó lè pín owó.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ìjọba gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ. A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ó dùn wọ́n, a sì tún gbọ́ pé àwọn kan mí kanlẹ̀ pé ẹrù kúrò lórí àwọn. Èkó ti dá àwọn kan padà fún àwọn ìjọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ṣùgbọ́n ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ tí àwa ìjọ ń dá sílẹ̀ nísinsin yìí: ọmọ ẹni tí ó ń gbá ilẹ̀ ìjọ kò lè san owó rẹ̀. Bí a bá fẹ́ bá ìjọba wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ nu ẹnu tiwa.

DÌBÒ KÍ O SEBẸ̀

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí a ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá 2024, ó ti sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ní oṣù kẹjọ 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde bílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra oúnjẹ ìrànwọ́. Láti inú odò yẹn ni ìrẹsì Màmá ti ń bọ̀.

A kò ní da àwọn tí ebi ń pa lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ebi ní ohun tí ó ń ṣe fún ọkàn. Ní oṣù kẹwàá 2020, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n kó oúnjẹ ìgbà Kòrónà sí, ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Gbogbo wa ni a bínú pé wọ́n tọ́jú oúnjẹ pamọ́ nígbà tí ènìyàn ń kú. Ṣùgbọ́n nǹkan ń bọ̀ wálé pẹ̀lú wa: páálí kan dé ilé àwọn kan nínú ìjọ lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n sì dúpẹ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Àwọn olóṣèlú ti mọ ibi tí ó ń dùn wá. Ní ìdìbò Èkìtì ti 2014 ni ọ̀rọ̀ "ikùn" gba ìgboro, pé ọ̀nà àti afárá kò ní ìtumọ̀ bí ikùn bá ṣófo. Ní ìdìbò 2018 ní ìpínlẹ̀ kan náà, wọ́n sọ ọ́ kedere: dìbò kí o sebẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì, ẹ ti rántí Ísọ̀ (Jẹ́n. 25:29-34). Ebi pa á nítòótọ́. Ọbẹ̀ náà gbóná nítòótọ́, ó sì jẹ, ó mu, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Ogún ìbí ti lọ kí àwo tó gbẹ. Ìbò ọdún mẹ́rin, ṣé iye kóńgò ìrẹsì mélòó ni?

OHUN TÍ Ó JẸ́ Ẹ̀TỌ́

A fẹ́ kí ẹ gbọ́ wa yé. Pọ́ọ̀lù ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni aláṣẹ, ó sì ní kí a san owó-orí (Róòmù 13:1-7). Bí ìyá kan bá ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kì í ṣe ọrẹ. Òógùn rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá dá a dúró, Jákọ́bù ti sọ bí igbe owó ọ̀yà tí a dá dúró ti ń dé etí Olúwa (Ják. 5:4). Ẹni tí ó bá ń tò fún irú owó bẹ́ẹ̀, kí ìjọ bá a tò, kí ó sì bá a kígbe. Ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn, ìdájọ́ òdodo, iṣẹ́ tí a yan ìjọba sí ni wọ̀nyí, ẹni tí ó bá ń béèrè wọn kò tọrọ bárà.

Nínú àwọn méjìlélógún tí a kọ orúkọ wọn, bàbá kan wà tí kídìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, tí ó nílò kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ìjọ dáwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Owó náà kò tó oṣù méjì. Bàbá náà sùn nínú Olúwa ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A kò lè fi àpótí ọrẹ ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, a kò sì ní díbọ́n pé a lè ṣe é.

Sí ọmọ Màmá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a ní èsì díẹ̀. Òótọ́ ni pé ètò ìlera ìjọba bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1948, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là, títí kan ti àwọn ará wa. Ṣùgbọ́n William Beveridge, tí àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ti 1942 jẹ́ ìpìlẹ̀ ètò ìrànwọ́ wọn, tún kọ ìwé mìíràn ní 1948 lórí iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe, nítorí pé ó bẹ̀rù kí ìjọba má baà gba gbogbo àyè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tí ènìyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ó wà lákọsílẹ̀ pé ẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kò bọ́ ọmọ náà. Báwo ni yóò ṣe bọ́ ìyá rẹ̀ ní Nàìjíríà?

Ọmọ náà kò bínú sí èsì yìí. Láti oṣù kejìlá 2023 ni ó ti ń fi owó oògùn ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ti Èkó ń san owó ilé.

OHUN TÍ A ṢE LẸ́YÌN Ẹ̀

A kò fi igbe ṣe é. Pásítọ̀ wa dá ọrẹ kejì sílẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù, ti opó nìkan, wọn kò sì jẹ́ kí a fi ra símẹ́ǹtì rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ti wo àpótí náà pẹ̀lú ìfẹ́. Arákùnrin méjì àti arábìnrin márùn-ún ni wọ́n yàn láti máa bẹ àwọn arúgbó wò. A ní kí wọ́n máa wo inú ìkòkò kí wọ́n tó gbàdúrà, nítorí pé arúgbó Yorùbá kò ní sọ fún ọ pé ebi ń pa òun. Bí opó bá ní ọmọ, àwọn ọmọ ni a kọ́kọ́ ń pè. Àwọn kan ti bú wa lórí fóònù. Ọ̀kan ní kí a má da sí ọ̀rọ̀ ẹbí òun mọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ń jẹ nínú àpótí ìjọ.

Mẹ́rin nínú wọn kò ní ẹnì kan. Àwọn wọ̀nyí ni Pọ́ọ̀lù pè ní opó nítòótọ́, ti ìjọ sì ni wọ́n títí di ọjọ́ tí Olúwa yóò pè wọ́n.

Ohun kan ni a kò tíì yanjú. Nígbà tí ìwé mìíràn dé láti ìjọba ìbílẹ̀ pé kí a tún kọ orúkọ wá, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn kan ní kí a má kọ ọ́ mọ́, kí a má baà tún sùn lọ. Àwọn kan ní owó wa ni wọ́n fi ra ìrẹsì náà, kí ló dé tí a fi máa fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn? A kọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kò pàtẹ́wọ́, a kò sì tún ṣe ìkéde rẹ̀ lórí pẹpẹ.

Ìrẹsì ti àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì 2023. Àpò kékeré kan ni fún ènìyàn mẹ́rin. Nígbà tí a gbé ti Màmá dé ilé, ọmọ wọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀, ó ń fọ abọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti ń jẹun alẹ́ láti ọjọ́ tí a pè é, òun náà ni ó sì ń ra ohun tí wọ́n ń sè. Màmá wo ìrẹsì náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a bá àwọn bu kóńgò kan sọ́tọ̀ sínú ike. Ìyá Mùsùlùmí kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ tirẹ̀ sórí ìwé kankan.